Bí A Ṣe Ń Rí Ibi Gbé Ọkọ̀-Ilé Sùn ní Amẹ́ríkà Láì Gba Ààyè Sílẹ̀

Láti ìgbà tí àwa mẹ́rin ti dé láti Amẹ́ríkà ni ẹ ti ń bi wá léèrè, ní ìpàdé àti lẹ́yìn ìpàdé, bí a ṣe ṣe é tí a fi wakọ̀ ká ìpínlẹ̀ mẹ́ta láì sun òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ náà sì ti ń pè yín pé kí ẹ wá fara balẹ̀ sinmi. A rí i pé bí a bá ń ròyìn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohùn wa á há. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ síbí.

Ọkọ̀ tí à ń sọ yìí, RV ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Ilé ni, ọkọ̀ ni. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò gáàsì wà, fíríìjì wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà. Àwa ń pè é ní ọkọ̀-ilé. Akápò wa ní tirẹ̀ ń pè é ní mólúè oníbùsùn. Ọgbà tí wọ́n ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí sùn ni a ó máa pè ní ibùdó, ojú kan tí ọkọ̀ kan ń dúró sí nínú ibùdó ni a ó sì máa pè ní ààyè.

Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé wọ́n ń gba ààyè sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ti ìjọba àpapọ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ní Recreation.gov, púpọ̀ nínú àwọn ibùdó náà sì ń ṣí ìwé sílẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú. Ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ ńkọ́? Kí físà tó jáde, kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Nítorí náà ni a fi lọ láì gba nǹkan kan sílẹ̀, a sì jẹ ìyà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà ọdún 2023, la kúrò ní Houston. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, a kò sì mọ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ ìsinmi òṣìṣẹ́ tiwọn, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù náà lọ́dọọdún. Tiwa ń bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù Méè, nítorí náà kò sí ẹni tó rántí. Àwọn tó yá wa lọ́kọ̀ tún fi ìwé kíkọ dá wa dúró títí aago méjì ọ̀sán fi kọjá. Ọmọ Igbákejì Alága wa, tó ti pẹ́ ní Houston, ló ń wakọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ibi sùn pọ̀ lójú ọ̀nà." A fọkàn balẹ̀.

Nígbà tí a fi kọjá San Antonio, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ibùdó àkọ́kọ́ tí a yà sí ti kún. Ìkejì ti kún. Ní ẹ̀kẹta, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù, obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà káàánú wa, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ààyè. Ẹsẹ̀ ti wú mọ́ Akápò lára. Ọ̀kan nínú wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò tíì jẹun tí yóò fi lo òògùn. Ni a bá lọ dúró sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan tí a kò ní dárúkọ, a pa iná, a sùn. Aago kan òru, ẹnì kan ń fi tọ́ọ̀ṣì kan fèrèsé. Ọlọ́pàá! Ẹ sáà mọ bí àyà ọmọ Nàìjíríà ṣe ń já bí ọlọ́pàá bá kan fèrèsé lóru.

Kò bú wa o. Ó ní òfin ìlú náà kò gba kí ẹnikẹ́ni sùn sínú ọkọ̀ níbẹ̀, kí a máa bá títì I-10 lọ, a ó kan ibi ìsinmi ìjọba ní bíi 30 máìlì síwájú. A dé ibẹ̀, a rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù bíi ogún tí wọ́n tò síbẹ̀, àwọn awakọ̀ ń hanrun. Ní Texas, òfin gba ọkọ̀ láyè láti wà ní irú ibi ìsinmi bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24, bí kò bá ṣáà ti pa àgọ́ síta. California kò gbà ju wákàtí 8 lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí kò gbà á lóru rárá. Pátákó ibẹ̀ ni kí ẹ kà kí ẹ tó tẹ́ ibùsùn.

Ti àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Walmart, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ẹni tó bá wù lè sùn síbẹ̀: kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ níbi púpọ̀. Walmart fúnra rẹ̀ sọ pé ọwọ́ máníjà ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ló wà, àti ọwọ́ òfin ìlú. Ẹ wọlé, ẹ kí máníjà, ẹ béèrè. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé, ilẹ̀ tó lọ salalu tó báyìí, kí ló dé tí ọkọ̀ kan ṣoṣo kò fi ríbi dúró sí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Texas wọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1845, ó di ilẹ̀ rẹ̀ mú, kò fi lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló tà á, tó sì pín in, fún àgbẹ̀, fún ọkọ̀ ojú irin. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti Houston títí lọ. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ìhà ìwọ̀-oòrùn yàtọ̀. Òfin kan wà ní ọdún 1862 tó fún ẹni tó bá lè gbé lórí ilẹ̀ fún ọdún 5, kí ó sì dá oko síbẹ̀, ní éékà 160. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá oko sí aṣálẹ̀ tí kò ní omi, tàbí sórí òkè alápáta? Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ àtijọ́, tí kò wá rí àgbẹ̀ gbà á, ọwọ́ ìjọba ló kù sí. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Bureau of Land Management, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní BLM, ń bójú tó bíi mílíọ̀nù 245 éékà. Àwọn tó ń bójú tó igbó ọba, ìyẹn Forest Service, ní bíi mílíọ̀nù 193. Ní Nevada, nínú éékà mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni lè gbé ọkọ̀-ilé rẹ̀ dúró, kí ó sùn, láì san kọ́bọ̀, láì gba ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí omi, kò sí iná, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọjọ́ 14 ló sábà máa ń jẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ kí onítọ̀hún ṣí lọ síbòmíràn. A kì í gbọ́ irú èyí ní igbó ọba tiwa. Nílé, ẹni tí olùṣọ́ igbó bá bá nínú igbó ọba lóru ní àlàyé tí yóò ṣe.

Ibi tó kan ẹgbẹ́ wa gan-an la dé yìí. Ní ọdún 1978, tọkọtaya kan, Joe àti Kay Peterson, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀-ilé. Escapees lorúkọ rẹ̀, Livingston ní Texas sì ni olú ilé rẹ̀ wà. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà ṣe ohun tí àwa náà ìbá ṣe: wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ibùdó alájẹṣẹ́kù. Ó wà ní Coarsegold ní California, ó wà ní Benson ní Arizona, ó wà ní Lakewood ní New Mexico, àti láwọn ibòmíràn. Ẹni tó bá san owó tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ààyè kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ti gbogbo wọn ni, kò lè tà á jẹ èrè.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ rìnrìn-àjò, ààyè rẹ̀ kì í ṣófo lásán. Ọgbà náà á fi àlejò síbẹ̀, owó rẹ̀ á sì wọ àpò ẹgbẹ́. Ó dà bí ìgbà tí onísọ̀ bá lọ ìsìnkú, tí aládùúgbò pàtẹ sí ìsọ̀ rẹ̀ títí tó fi dé. Nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí onísọ̀ yóò dé, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kì í sábà gba ààyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dé ni wọ́n ń wá ibi fún. Bí kò bá sí ààyè tó ní iná àti omi, wọ́n á fi í sí ààyè gbígbẹ títí ẹnì kan yóò fi lọ. Ìgbà ooru ni ààyè pọ̀ jù ní ti aṣálẹ̀, torí pé àwọn tó ni ín ti sá lọ sí ìhà àríwá tí ó tutù.

Ọmọ wa tó ń wakọ̀ ti san owó ọdún ẹgbẹ́ Escapees, ó kàn gbàgbé ni! Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló rántí, a ti ń wọ ìwọ̀-oòrùn Texas. Ó pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kí a máa bọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti dé ọ̀kan nínú ibùdó wọn ní New Mexico. Alẹ́ ọjọ́ náà, ààyè gbígbẹ. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹnì kan lọ, a bọ́ sí ààyè tó ní iná. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín alẹ́ yìí àti alẹ́ àná rẹ̀, kì í ṣe kékeré. Akápò kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi béèrè ẹni tó ń yẹ ìwé owó wọn wò. Bàbá arúgbó tó gbà wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ibi tí kò sí irú wọn.

Bàbá yìí ló là wá lójú. Ó ní àìgba ààyè sílẹ̀ kì í ṣe àìmúra sílẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bí àwa ṣe máa ń wí nìyẹn. Ní tirẹ̀, ibi mẹ́ta ló ń kọ sínú ìwé fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó tó tan ọkọ̀: èyí tó wù ú, èyí tó lè gbà bí ti àkọ́kọ́ bá kún, àti èyí tí kò lè kún láéláé, bíi ilẹ̀ BLM tàbí ibi ìsinmi ojú ọ̀nà. Ó ń rí i pé òun dé ti àkọ́kọ́ kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, kì í rìn rárá. Bó bá ti di Ọjọ́bọ̀, ibi tó bá ti rí ààyè ló ń dúró sí títí di ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń padà sílé. Ọjọ́ ìsinmi ńlá mẹ́ta sì wà tó ní kí a sá fún: ti ìparí oṣù Méè, ọjọ́ 4 oṣù Júláì, àti èyí tó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n náà.

A dúró títí wọ́n fi ṣe ọdún wọn tán. Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbéra, a gba Artesia gun òkè lọ sí Cloudcroft, nínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Lincoln National Forest. Bí ènìyàn bá kúrò nínú ooru aṣálẹ̀ tó dé òkè yẹn, á kọ́kọ́ rò pé òun ti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ la wọ ibùdó kan tí kì í gba ààyè sílẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú. Ó ju ìdajì lọ tó ṣófo.

Bí wọ́n ṣe ń mú un nìyí. Ẹ rọra wakọ̀ yí ọgbà náà ká. Òpó kékeré wà níwájú ààyè kọ̀ọ̀kan, ìwé sì máa ń wà lára rẹ̀ tó sọ ọjọ́ tí ẹni tó wà níbẹ̀ yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ òní, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Aago 11 tàbí 12 ni òfin sábà ní kí wọn kúrò. Bí òpó bá ṣófo, ẹ gbé ọkọ̀ sí i, kí ẹ sì lọ sanwó kíá, nítorí pé ẹni tó sanwó ló ni ààyè. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ ó rí àpòòwé àti àpótí irin. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ààyè àti iye alẹ́ tí ẹ ó sùn. Ẹ kó owó sínú àpòòwé, ẹ jù ú sínú àpótí, ẹ ya etí ìwé náà, ẹ fi kọ́ òpó yín. Kò sí ẹni tó máa fún yín ní ṣéńjì o! Owó wẹ́wẹ́, dọ́là 1, dọ́là 5, ni kí ẹ kó dání. Àwọn ibùdó kan ti ń gba owó lórí fóònù, ṣùgbọ́n fóònù kì í sábà mú lórí òkè. Ó ya Akápò lẹ́nu pé àpótí owó wà nínú igbó lóru, láìsí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ó fọwọ́ mì í wò, ó ní irin rẹ̀ nípọn.

Ọkọ̀-ilé kan wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà púpọ̀ nínú ibùdó wọ̀nyí tí kì í kúrò níbẹ̀. Olùtọ́jú ibùdó ló wà nínú rẹ̀, ó sábà jẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó ń fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà: òun ló mọ ààyè tí yóò ṣófo lọ́la àti ibùdó kejì tí kò kún. Àmọ́ ẹ mọ gígùn ọkọ̀ yín kí ẹ tó béèrè. Tiwa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 28. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba ló ti pẹ́ kí ọkọ̀ gbọọrọ tó dé, àwọn mìíràn kò sì lè gba ọkọ̀ tó ju 25 lọ.

Grand Canyon ni òpin ìrìn wa. Nínú ọgbà náà gan-an, ní Mather, wọn kì í gba ọkọ̀ tó ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, ẹni tó ti gba ààyè sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló sì ń rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà gúúsù, ní Tusayan, igbó ọba Kaibab ló kù. Ibẹ̀ la sùn lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ń wọ ọgbà lọ wò ó lójúmọ́ bíi ti ọlọ́là. Àwọn olùṣọ́ igbó ní àwòrán ọ̀nà kan tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, tó fi ọ̀nà tí ọkọ̀ lè wọ̀ hàn. Ẹ má ṣe wọ èyí tí kò sí nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ ibẹ̀ á gbé táyà mì, nítorí náà ẹ fẹsẹ̀ rìn ín wò kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lé e. Ẹ ka ìwé àdéhùn ọkọ̀ àyálò náà dáadáa: púpọ̀ kò gba ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Tiwa kò gbà ju ọ̀nà tó dán, tó wọ ibùdó lọ. Etí títì la dúró sí, a kò wọ inú. Lóru, ẹranko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní elk ń han, bí ẹni ń fun fèrè tó ti dijú. Oṣù tí akọ wọn ń wá abo nìyẹn. Àwa kò mọ̀, a tilẹ̀kùn mọ́rí.

Ilẹ̀ kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣì mú. Ìhà ìlà-oòrùn Grand Canyon, ilẹ̀ àwọn Navajo ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣófo lójú, ó dà bí ilẹ̀ ọba, ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ ni, wọ́n sì ní ìjọba tiwọn. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó sùn síbẹ̀.

Ti omi ńkọ́? Agbada mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọkọ̀ náà: ti omi mímọ́, ti omi ìfọwọ́ àti ìfọbọ́, àti ti ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ibi ọ̀fẹ́, àwọn ló máa lé yín kúrò kí ọjọ́ 14 tó pé. Ọjọ́ mẹ́ta ni tiwa gbà, ènìyàn márùn-ún, pẹ̀lú pé garawa kékeré la fi ń wẹ̀ bíi ti ilé. Ẹ pọn omi kún, ẹ da ẹ̀gbin nù, ní ibùdó tàbí ilé epo àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, kí ẹ tó wọ igbó. Dídà á sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin.

Ẹni tó bá fẹ́ sá fún òtútù, tó sì fẹ́ pẹ́, kí ó lọ sí Quartzsite ní Arizona. Láti ọdún 1983 ni BLM ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú wọn ní aṣálẹ̀ Arizona àti California, láti ọjọ́ 15 oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà sí ọjọ́ 15 oṣù Épírì. Ẹ ó san owó ìwé àṣẹ kan, ẹ kò ní gba ààyè sílẹ̀, ibi tó bá wù yín ni ẹ ó dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà títí ayé, tí ẹ ti pé ọdún 62, ẹ béèrè káàdì àgbà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ìjọba àpapọ̀. Dọ́là 80 ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé yín, ó sì ń gé owó ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba sí ìdajì. Káàdì náà kò sí fún ẹni tó bá físà àlejò lọ. Akápò bẹ̀bẹ̀ títí, wọn kò gbà.

Àwòrán ọ̀nà Kaibab àti ti Lincoln, pẹ̀lú ìwé tí a kọ ibi mẹ́ta-mẹ́ta sí, wà lọ́wọ́ Akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yá a kí ó fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì dá a padà ṣáájú ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, nítorí ẹni mẹ́ta ti wà nídìí rẹ̀.